Omijé Tí Petra Fi Gba Ipò Lorna

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ sún mọ́bí dáadáa. Ìwọ tó ò ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì, mo rí ẹ. Tètè gbé e sápò. Ìwọ tó o lọ fara pamọ́ sẹ́yìn, tó ò ń díbọ́n pé oorun ló gbé ẹ lọ, ìpéǹpéjú ẹ ń gbọ̀n, dìde wá síwájú. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, etí méjèèjì ló gbà. Ẹni tó bá fi etí kan gbọ́ ọ, tó bá padà wá bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé òótọ́ lọmọ yẹn sọ àbí irọ́ ló pa?", màá ní kó lọ bi etí kejì.

Ó dáa. Ọ̀sán Tọ́sìdeè kan ni, nínú oṣù Kejì, yìnyín ti bo pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé pátápátá. Nílùú Corley, ní ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, Petra Sobczak, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, jókòó sínú yàrá eré, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sunkún lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó tò síwájú dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí ẹkún náà, kẹ́ ẹ má lọ rò pé òkú ló sùn. Eré ni ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe, nípa ìyàwó ilé kan tó ń jẹ́ Lorna. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Lorna ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. Ọkọ pè é, kò dáhùn. Àwọn ọmọ pè é, kò dáhùn. Aládùúgbò kan ilẹ̀kùn, ó pariwo orúkọ rẹ̀, Lorna gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ní, "Ta lẹ ń pè?" Láti ìgbà yẹn, kò dáhùn sí orúkọ náà mọ́ títí eré fi parí.

Ipò Lorna yìí ni gbogbo ọmọbìnrin ibẹ̀ ń wá, Petra ló sì ń wá a jù. Gbogbo ọdún tó ti lò nínú ẹgbẹ́ eré, ó ti ṣe igi rí. Ó ti ṣe aládùúgbò tí kì í sọ̀rọ̀. Ó tiẹ̀ ti ṣe òkú rí, wọ́n ní ó ṣe é dáadáa, àfi pé ó sín. Oṣù Karùn-ún ló máa jáde ilé ìwé. Bí Lorna bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí nìyẹn, òkú tó sín ni wọ́n á máa fi rántí rẹ̀.

Tíṣà wọn ni Míìsì Tierney, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yọ sikáàfù lọ́rùn tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ó pẹ́ ní yunifásítì, níbi tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ àwọn tó máa ń wá gbòǹgbò wàhálà àgbà nínú ohun tójú rẹ̀ rí ní kékeré. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé, bí ọmọ kan bá ní inú ń run òun, Míìsì Tierney á bi í pé, "Inú tìẹ ni, àbí ti ìyá ẹ?"

Òun ló gbé àga kúṣìn gígùn kan wá sáàárín yàrá eré, aláwọ̀ ewé, tí ìdí rẹ̀ ti jìn bí ihò òkété. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe Lorna gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kó dijú, kó sọ nípa ọjọ́ tó wo ìyá rẹ̀ tí kò sì dá a mọ̀ mọ́.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Míìsì Tierney sọ. "Nínú eré orílẹ̀-èdè wa láyé òde òní, obìnrin tó bá dúró sórí ìtàgé, obìnrin méjì ni. Ọ̀kan ń fọ abọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sọ́kọ. Èkejì wà nísàlẹ̀ ọkàn, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Iṣẹ́ òṣèré ni kó lọ kan ilẹ̀kùn yẹn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìyá tó bí yín. Ibi tí ìyá ẹ ti dá ẹ lọ́gbẹ́, ibẹ̀ ni Lorna wà."

Brielle Haskins ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kó ẹrù tọ dókítà ajá lọ, tí kò padà wálé mọ́. Ó ní títí dòní, bí ajá bá gbó, omi á bọ́ lójú òun. Ẹnì kan fọn imú. Ọmọ tó tẹ̀ lé e náà sunkún. Èyí tó tún tẹ̀ lé e ti ń sunkún kó tó dórí kúṣìn.

"Petra, ìwọ ló kàn."

Petra dùbúlẹ̀. Ó dijú. Ó wá ọgbẹ́ lọ, ó wá a bọ̀. Kò rí.

"Ìyá mi," ó ní, "ìyá mi máa ń kọrin nínú mọ́tò. Ó... ó máa ń ṣi ọ̀rọ̀ orin náà."

Ẹ̀rín gba yàrá. Míìsì Tierney gbọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ń sá fún nǹkan ni. Petra, lọ ronú sí i. Mọ́ńdè ni mo máa yan Lorna."

Odessa Pruitt, ọ̀rẹ́ Petra àtìgbà tí wọ́n ti jọ ń ká eyín ọmọdé, òun ló ń bójú tó iná orí ìtàgé. Bí wọ́n ṣe ń lọ síbi tí bọ́ọ̀sì dúró sí, ẹ̀rín ṣì ń pa á.

"'Ó máa ń ṣi ọ̀rọ̀ orin!' Petra! Wọ́n mà lè gbé ìyá ẹ lọ sẹ́wọ̀n lórí ìyẹn o."

"Dessa, fi mí sílẹ̀. Mi ò ní ọgbẹ́. Ṣé bóyá mi ò ní nǹkan kan nínú ni?"

"O ní nǹkan nínú. Oúnjẹ àárọ̀ ni. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ lo ti ń jẹ ẹ́, òun ni ò jẹ́ kó o rójú sunkún."

Petra ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọn lójú. Bí àwọn yòókù bá ní àpá, tí òun ò ní, ṣé ara òun ló le ni, àbí òun ò tíì dé ojú ogun rí?

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ wà ní kíṣìn, ó ń se ọbẹ̀ tòmátì, ó ń yan búrẹ́dì oníwàràkàṣì lórí páànù. Renata lorúkọ ìyá yìí. Eyín ló ń fọ̀ fáwọn èèyàn lọ́dọ̀ dókítà eyín, bẹ́ ẹ bá sì pàdé ẹ̀ lọ́nà, eyín yín ló máa kọ́kọ́ kí kó tó kí yín. Bàbá, Walt, ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò ní títì. Ní irú àkókò yẹn, bó bá délé, kó jẹun kó sùn ni.

Petra jókòó sórí àga gíga, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti kórìíra mi rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tó o fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi fọ bàtà ẹ."

"Mi ò ṣeré o. Ṣé ẹ ti dá mi lọ́gbẹ́ rí? Lọ́kàn?"

"Ọgbẹ́ kẹ̀? Gba abọ́ ẹ, ọbẹ̀ á tutù."

"Mọ́mì, ta lẹ jẹ́ gan-an?"

Renata gbé síbí sókè bí tíṣà tó fẹ́ na ọmọ lẹ́gba. "Èmi ni obìnrin tó sọ fún ẹ láàárọ̀ pé kó o fọ ìkòkò yẹn. Ìwọ ńkọ́? Ta ni ẹ́?"

"Tíṣà wa ní kọ́kọ́rọ́ ọkàn mi wà lọ́wọ́ yín."

"Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló wà lọ́wọ́ mi," ni Renata wí, "mi ò sì ní fún ẹ. Jẹun."

Kí lèèyàn fẹ́ fi irú ìyá báyìí ṣe? Ọmọ ń wá omijé, ìyá ń bu ọbẹ̀. Títí di Sọ́ńdè, Petra ń ṣọ́ ìyá rẹ̀ kiri inú ilé bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku. Kò rí eku. Ẹ̀rín ló rí, àti orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tọ̀nà.

Mọ́ńdè wá pé. Petra dùbúlẹ̀ sórí kúṣìn aláwọ̀ ewé náà. Ó ti pinnu pé òun máa sọ òótọ́: òun ò ní ọgbẹ́, kí wọ́n wá ẹlòmíì. Ó lanu. Ohun tó jáde níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tó ti wá.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí," ó ní. "Ìyá mi mú mi lọ sílé ìfọṣọ. Ó gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, níwájú ẹ̀rọ tó ń yí aṣọ. Ó ní, 'Máa wo aṣọ wa bó ṣe ń yí. Tó bá fi máa dúró, màá ti dé.' Mo ń wò ó. Mo rí sọ́kì mi tó ń yí. Ó yí, ó yí, ó dúró. Mọ́mì ò dé. Obìnrin kan wá kó aṣọ tiẹ̀ sínú ẹ̀rọ mìíì, mo bá sún lọ síwájú ìyẹn. Mo ní bí ti ẹnikẹ́ni bá ṣì ń yí, Mọ́mì ò tíì pẹ́ jù. Nígbà tó yá, gbogbo ẹ̀rọ dúró. Wọ́n ń paná."

Omi ti dà bo ojú rẹ̀ dé etí. Omi gidi ni o, kì í ṣe ti àfipáfà. Nígbà tó lajú, Míìsì Tierney ń fi sikáàfù nu ojú tirẹ̀. Brielle la ẹnu sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọn imú pàápàá.

Míìsì Tierney kúnlẹ̀ tì í, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Petra, ṣé ó ṣì máa ń fi ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. "Rárá" ti dórí ahọ́n ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó wo yíká. Kò tíì sí ọjọ́ kan láyé rẹ̀ tí gbogbo ojú wò ó báyẹn. Ẹni tó ti ń ṣe igi látọjọ́ yìí!

Petra mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Nínú òtútù yìí?"

Orí tún mì.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá eré, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀, gbogbo ọmọ sì ń tira wọn bí ẹni fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Lókè pátápátá: Lorna, Petra Sobczak. Petra fò sókè, ó dì mọ́ ẹni tí kò mọ̀. Odessa ló fà á lápá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Petra, ìyá wo lo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lánàá?"

"Dessa..."

"Ṣé ìyá ẹ tí mo mọ̀? Èyí tó fi mọ́tò lé bọ́ọ̀sì ilé ìwé torí o gbàgbé fìlà òtútù? Tó ń fọn fèrè títí dẹ́rẹ́bà fi rò pé ọlọ́pàá ni? Ìyá yẹn?"

"Eré ni mo ṣe."

"Nínú eré, orúkọ ẹlòmíì lèèyàn máa ń jẹ́. Orúkọ tìẹ lo jẹ́, ti ìyá ẹ lo lò."

"Ṣùgbọ́n omijé yẹn kì í ṣe irọ́, Dessa. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Ó kàn wá ni."

"Àlùbọ́sà náà máa ń mú omijé wá," ni Odessa wí. "A kì í torí ẹ̀ pè é ní ọ̀fọ̀."

Petra bínú, ó bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ òun náà ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣé irọ́ ló pa? Irọ́ ni. Ó ṣe wá jẹ́ pé bẹ́ǹṣì yẹn tutù lábẹ́ itan rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀?

Ó wá ku ohun kan tí kò rántí. Níbẹ̀ lọ́hùn-ún, òfin de tíṣà. Bí ọmọ ilé ìwé bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n ń fìyà jẹ òun nílé, tíṣà ò gbọ́dọ̀ pa á mọ́nú. Ó gbọ́dọ̀ pe ìjọba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun gan-an á jẹ́jọ́. Òfin náà kì í bèèrè bóyá ọ́fíìsì ni wọ́n ti sọ ọ́ ni, tàbí orí kúṣìn aláwọ̀ ewé. Míìsì Tierney ti fa ọgbẹ́ jáde lára ọmọ tán, ọgbẹ́ náà ò lè padà wọlé. Ó gbé fóònù, ó pe ìjọba.

Ní Sátidé, Petra àti ìyá rẹ̀ ń ṣe pierogi, ìyẹn ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n máa ń yí ọ̀dùnkún àti wàràkàṣì sínú rẹ̀, tí wọ́n á wá di etí rẹ̀ pa. Renata ń na ìyẹ̀fun, Petra ń di etí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan ló dúró síta, ó wọ kóòtù dúdú, yìnyín wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Misis Gaines lorúkọ mi. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo ti wá."

"Ọmọdé?" Renata rẹ́rìn-ín. "Èyí tó wà nílé yìí ti ga jù mí lọ. Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ gbọn bàtà yín. Eyín yín mà dáa o."

Misis Gaines wọlé, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹnì kan pè wá. Wọ́n ní ẹ máa ń fi ọmọ yín sílẹ̀ lóun nìkan, nínú òtútù."

"Èyí? Òun ló máa ń fi mí sílẹ̀, mà! Tó bá ti wọ yàrá ẹ̀, ó di ọ̀la."

"Mo máa ní láti wo fíríìjì yín."

"Ẹ wò ó. Tẹ́ ẹ bá rí músítádì mi níbẹ̀, ẹ bá mi mú un jáde. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wá a."

Etí pierogi ti fún mọ́ Petra lọ́wọ́, ọ̀dùnkún ń yọ. Misis Gaines wo fíríìjì, ó tì í. Ó yíjú padà.

"Wọ́n tún sọ nípa ilé ìfọṣọ kan. Wọ́n ní ẹ gbé e jókòó síwájú ẹ̀rọ, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ẹ ní kó máa wo aṣọ bó ṣe ń yí, ẹ sì lọ."

Ọwọ́ Renata dúró lórí ìyẹ̀fun. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n paná. Kò ní irọ́ ni. Kò ní òótọ́ ni. Ó kàn ń wo Petra, ojú rẹ̀ funfun ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Petra ò rí irú ojú yẹn rí látìgbà tó ti dáyé. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, mo ti pa ìyá mi.

Bí Petra bá dákẹ́, Lorna ṣì jẹ́ tirẹ̀, ìyá rẹ̀ lá máa rojọ́ lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, Lorna ti lọ nìyẹn. Lórí kúṣìn, ọ̀rọ̀ ti yá a lẹ́nu. Ní kíṣìn ìyá rẹ̀, ahọ́n wúwo bí áyọ́ọ̀nù.

"Irọ́ ni," ó ní. "Èmi ni mo pa á. Mo fẹ́ gba ipò nínú eré ilé ìwé. Mọ́mì ò fi mí sílẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Misis Gaines mú un jáde síwájú ilé, kó lè bi í lóun nìkan. "Ṣé ẹnì kan ní kó o wá yí ọ̀rọ̀ ẹ padà?"

"Rárá, mà."

"Ta ló wá kọ́ ẹ ní ìtàn ilé ìfọṣọ yẹn? Ìtàn yẹn jinlẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mi ò mọ ibi tó ti wá."

Misis Gaines mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, àwọn ilé kan ṣì wà tí mò ń lọ lónìí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ò ní láti ronú kí wọ́n tó rí nǹkan sọ. Nígbà míì tó o bá fẹ́ yá ìyà lò, rántí àwọn tó ni ín." Ó bọ́ sínú mọ́tò rẹ̀.

Petra padà wọlé. Ó retí igbe, ó retí àbàrá, ó tiẹ̀ retí pé kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ òun títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Renata ń na ìyẹ̀fun lọ.

"Mọ́mì, ẹ dárí jì mí."

"Fi omi di etí èyí," ni Renata wí, kò gbójú sókè. "Ó ń là."

Ìyẹn nìkan. Láti ọjọ́ yẹn, Renata ò kọrin nínú mọ́tò mọ́, ì báà jẹ́ èyí tó tọ̀nà. Bí Walt bá bèèrè pé kí ló ṣe é, á ní eyín àwọn èèyàn ló pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Petra ò mọ ohun tó máa ṣe. Ìbínú tó bá pariwo, èèyàn lè bẹ̀ ẹ́. Èyí tó dákẹ́, ibo lèèyàn fẹ́ gbá a mú?

Ní Mọ́ńdè, kí Míìsì Tierney tó bọ́ kóòtù, Petra ti dúró níwájú rẹ̀.

"Míìsì Tierney, irọ́ ni mo pa. Ìyá mi ò ṣe nǹkan kan."

Tíṣà náà jókòó sórí kúṣìn ara rẹ̀, ó rì wọnú ihò ìdí rẹ̀. "Ẹkún yẹn ńkọ́?"

"Kò yé èmi náà, mà."

"Mi ò lè jẹ́ kó o ṣe Lorna mọ́."

"Mo mọ̀."

Míìsì Tierney ń fọwọ́ yí etí sikáàfù. "Èmi náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Mo ti ń fi ipò dá ọgbẹ́ lọ́lá, ẹ wá ń ṣe ọgbẹ́ wá fún mi. Wá sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ fúnra ẹ."

Ó sọ ọ́. Ẹlòmíì ló rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì pòṣé. Brielle ni ò ṣe ọ̀kankan. Ó dúró síwájú Petra, ó ní, "Ìyá tèmi lọ ní tòótọ́. Ìwọ ní ìyá nílé, o wá ń tọrọ tèmi." Brielle ni wọ́n fún ní Lorna. Petra di ẹni tó ń fa aṣọ ìtàgé, tó sì ń gbé áyọ́ọ̀nù wọlé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ ju igi lọ: igi ṣì máa ń wà níbi táwọn èèyàn ti lè rí i.

Odessa ló wá bá a lẹ́yìn aṣọ náà. "Ṣé o ti jẹun àárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Dáadáa. Ọ̀ràn ò tíì bàjẹ́ jù." Ó sì fi ejìká kọ lù ú, ni wọ́n bá di ọ̀rẹ́ padà.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni wọ́n ṣe eré náà. Walt wà lójú títì, yìnyín tún ti wá. Renata nìkan ló wá, ó jókòó sápá òsì. Nígbà tí Brielle gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, tó wo gbogbo èèyàn, tó ní, "Ta lẹ ń pè?", Petra yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ, ó wá ìyá rẹ̀. Renata ti bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò farapamọ́. Bí o bá ń wá ipò, fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ wá a. Má fi orúkọ ìyá ẹ ṣe àkàbà. Ẹni tí ò ní ọgbẹ́, kó dúpẹ́, kó má fi abẹ sín ara rẹ̀ torí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àpá ṣe yàǹgà. Irọ́ tó o pa níbi ìṣeré lè gbé òṣìṣẹ́ ìjọba wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Bó o bá sì ti pa á, tètè lọ hú u, kó tó ta gbòǹgbò. Ohun tí Petra kọ́ nìyẹn, ohun tó sì ń sọ fún ìyá rẹ̀ nìyẹn nínú mọ́tò, lẹ́yìn eré, nígbà tí Renata ti di sítíárì mọ́tò mú ṣinṣin tí kò sì ṣáná sí i.

"Mọ́mì, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Mi ò mọ bí irú irọ́ yẹn ṣe lè ti inú mi jáde. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ohunkóhun."

Renata ń wo yìnyín tó ń bọ́ sórí gíláàsì iwájú wọn.

"Petra," ó ní, "mo ti wa mọ́tò kúrò ní Ohio pátápátá lọ́jọ́ ilé ìfọṣọ yẹn kí n tó ṣẹ́rí padà wá mú ẹ."